Ọ̀gá Ti Pẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́, Etí Rẹ̀ Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí ìkéde iṣẹ́ tí kì í béèrè ìrírí. Àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kákí lọ́rùn, ìrírí ọdún 5 ni wọ́n ń bi í. Bí àríyànjiyàn bá sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́fíìsì, ohun tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ fi pa ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu mọ́ ni pé, "Ìgbà wo lo débí?"

Mi ò wá bẹnu àtẹ́ lu ìrírí o. Bí mọ́tò mi bá ń dún lọ́nà tí kì í gbà dún, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni màá wà á lọ, ẹni tó máa ní kí n tan án, táá kọ etí sí i, táá sì mọ ibi tó ń dùn ún kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Àmọ́ ohun tí mọ́tò ọgọ́rùn-ún ti ṣe níwájú rẹ̀ rí ni mẹkáníìkì yẹn ń gbọ́. Ìbéèrè tèmi ni pé, lọ́jọ́ tí wàhálà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí bá bẹ́, èyí tí kò sí nínú ìwé, tí àwọn tó fẹ̀yìntì gan-an ò gbúròó irú ẹ̀, kí ni ìrírí ọ̀gá fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ìtàn bàálù ni mo máa fi wá ìdáhùn. Ìdí ni pé iṣẹ́ bàálù kì í fi nǹkan bò. Gbogbo ohun tí awakọ̀ bá sọ ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀, bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó sọ kí ni àti ẹni tí kò dáhùn. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìpàdé wa. Ó wù mí kó wà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù ilé iṣẹ́ United ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ń múra àtibalẹ̀ ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Èèyàn 189 ló gbé. Ọ̀gá tó ń wà á ti lo ohun tó ju 27,000 wákàtí lọ lójú òfúrufú. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ bàálù kalẹ̀, wọ́n gbọ́ gbì, bàálù gbọ̀n, iná tó yẹ kó fi hàn wọ́n pé gbogbo ẹsẹ̀ ti dúró ṣinṣin kò sì tàn pé. Ọ̀gá ní ká má tíì balẹ̀, ká máa yípo lókè ná, ká wo ohun tó ṣe é, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì múra èrò sílẹ̀. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tó burú. Àmọ́ wọ́n yípo, wọ́n tún yípo, ó di bíi wákàtí kan. Epo ń lọ. Igbákejì ọ̀gá béèrè ọ̀rọ̀ epo. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó jókòó lẹ́yìn wọn mẹ́nu kan epo. Ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń fẹnu họ ọ́ ni, bí ìyàwó tuntun ṣe ń bá bàbá ọkọ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó là á mọ́lẹ̀ pé, "Ọ̀gá, tá ò bá balẹ̀ báyìí, a ó já lulẹ̀." Ẹsẹ̀ bàálù ló gba ọ̀gá lọ́kàn. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì kan kú, òmíràn tẹ̀ lé e, bàálù sì já sáàárín igi àti ilé nígboro. Èèyàn 10 kú, onímọ̀ ẹ̀rọ náà wà lára wọn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yípo yìí, ó ti wà nílẹ̀ gbọn-in tipẹ́.

Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà di ẹ̀bi náà ru ọ̀gá, pé kò ṣọ́ epo rẹ̀, kò sì ka ohun tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń sọ sí. Wọ́n tún fi kún un pé àwọn méjì yẹn náà ò tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ wọn tó. Ẹ gbọ́ o, Amẹ́ríkà rèé, níbi tá a ti rò pé ọmọdé máa ń pe àgbà lórúkọ láìdọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni ìbẹ̀rù ọ̀gá ń dí lẹ́nu.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọkùnrin náà ò mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọdún tó ti lò ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálù kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, òótọ́ sì ni. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn: nǹkan tó mọ̀ dáadáa ló dì í mú, tí kò jẹ́ kó rí nǹkan tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò tíì nírìírí lè má tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ United kó àwọn awakọ̀ wọn jọ, nígbà tó fi máa di 1981, wọ́n ti ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣàjèjì: bí ọ̀gá ṣe máa béèrè ìmọ̀ràn, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa sọ̀rọ̀ sókè. Àwọn ògbólógbòó awakọ̀ kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ara ẹni ló kàn báyìí, àwọn tó ti wa bàálù jagun?

Ẹ wá gbọ́ ti ọdún 1989. Ilé iṣẹ́ United yìí kan náà ni. Ọjọ́ 19 oṣù Keje, bàálù DC-10 kan gbéra ní Denver, ó ń lọ sí Chicago, àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 296. Orúkọ ọ̀gá tó ń wà á ni Al Haynes. Gbogbo nǹkan ń lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀ kí nǹkan tó dún gbàmù nídìí bàálù. Bàálù yìí, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan nírù. Ti ìrù ló fọ́. Bó bá ṣe pé ìyẹn nìkan ni, kò le, méjì tó kù á gbé e délé. Ṣùgbọ́n àfọ́kù irin tó ta jáde lára rẹ̀ gé àwọn páìpù tí epo ìdarí ń gbà kọjá. Epo yìí ló ń bá awakọ̀ ti gbogbo ohun tó ń yí bàálù sọ́tùn-ún sósì, tó ń gbé e sókè, tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe é gbọ́n, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n là fún epo náà, pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, méjì ṣì wà, bí méjì bá bàjẹ́, ọ̀kan ṣì wà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbẹ lọ́jọ́ náà. Wọn ò kọ ohun tí awakọ̀ máa ṣe sínú ìwé kankan, nítorí wọ́n gbà pé irú rẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá yí ọwọ́ bàálù títí tó fi dé òpin, bàálù ò gbọ́. Ó ń fì sápá ọ̀tún, ó fẹ́ dojú dé. Haynes fa iná ẹ́ńjìnnì òsì wálẹ̀, ó sì túbọ̀ fún ti ọ̀tún níná, apá ọ̀tún sì gbéra díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà, kò lè sọ ibi tó ti rí i.

Ṣé ẹ rí i, àwọn kan á dá mi dúró síbí, wọ́n á ní ìrírí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló mú mi sọ ìtàn yìí. Awakọ̀ kan wà láàárín èrò, Dennis Fitch, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn awakọ̀ DC-10. Kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èrò ni. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé bó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, òun wà níbí. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ọ́fíìsì tiwa. Nǹkan ti dàrú mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ayé, ẹni tí kò sí nínú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà wá ń kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ bá a dá sí i. Ọ̀gá mélòó ló máa ṣílẹ̀kùn? Haynes ní kó wọlé. Ó fún un ní iṣẹ́ tó ṣòro jù, pé kó di ọwọ́ iná ẹ́ńjìnnì méjèèjì mú. Fitch kúnlẹ̀ sáàárín àga àwọn awakọ̀, ó ń fún ọ̀tún níná, ó ń dín ti òsì kù, ó sì ń fi ojú àti ara wá ohun tí bàálù fẹ́ ṣe kó tó ṣe é.

Fitch kò ṣàdédé dé o. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, irú epo ìdarí bẹ́ẹ̀ gbẹ tán lára bàálù kan ní ilẹ̀ Japan, èèyàn 520 sì kú. Fitch ka ti ìjàǹbá náà, kò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ó wọ inú ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ lórí ilẹ̀, ó gbìyànjú bóyá iná ẹ́ńjìnnì nìkan lè darí bàálù. Kò sẹ́ni tó rán an. Ìrírí ẹlòmíì, ti àwọn tó ti kú, ló sọ di tirẹ̀.

Ìṣẹ́jú 44 ni wọ́n fi ja ìjà náà, láti ìgbà tí nǹkan dún títí dé ilẹ̀. Haynes ń béèrè lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń béèrè lọ́wọ́ Fitch. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní pápákọ̀ Sioux City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni wọ́n forí lé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ fún un lórí rédíò pé ó lè balẹ̀ sójú ọ̀nà tó bá wù ú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣé wọ́n tún fẹ́ kó jẹ́ ojú ọ̀nà gan-an lòun balẹ̀ sí. Bàálù ti fẹ́ pa á, ó ń ṣẹ̀fẹ̀! Èmi fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, bàálù fọ́, ó gbiná. Èèyàn 112 kú, 184 sì yè. Nígbà tí wọ́n gbé irú ipò náà ka iwájú àwọn awakọ̀ mìíràn nínú ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbé e balẹ̀ láìséwu.

Lórí ilẹ̀ náà, wọn ò sùn. Àwọn ará Sioux City ti ṣe ìdánrawò ní 1987 bí ẹni pé bàálù ńlá já sí pápákọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù tó tóbi tó DC-10 kì í dé ibẹ̀. Ìdánrawò yẹn fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n, wọ́n sì tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé.

Haynes máa ń sọ lẹ́yìn náà pé bí a bá ro ọdún táwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wa bàálù pọ̀, ó jẹ́ 103, àmọ́ kò sí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn fi wa irú bàálù tó wà lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ náà. Torí náà, kí ló dé tóun máa fi rò pé òun mọ̀ ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀kọ́ tí àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló ràn án lọ́wọ́. Láàárín 1978 sí 1989, awakọ̀ United kò dàgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Etí wọn ló là.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan wà tó ti wádìí ọ̀rọ̀ ìrírí yìí, Daniel Kahneman àti Gary Klein. Kahneman kò gba ohun tí àwọn onímọ̀ ń fọkàn rò láìwádìí gbọ́, Klein gbà á gbọ́ gan-an, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn panápaná rìn. Wọn ì bá máa jiyàn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jọ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní 2009, ibi tí ọ̀rọ̀ wọn sì já sí ni pé ìrírí kì í dédé gbọ́n. Ó ní láti jẹ́ iṣẹ́ tí nǹkan ti máa ń ṣẹlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, kí àbájáde ohun tó o ṣe sì máa padà wá bá ọ. Akọ̀wé bánkì tí owó rẹ̀ kò pé, ó máa mọ̀ kó tó lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó máa gbọ́n láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́, tí kì í tọpa wọn wò láti mọ ẹni tó ṣe dáadáa àti ẹni tó ba nǹkan jẹ́, ó lè fi 20 ọdún gba èèyàn síṣẹ́ kó má mọ̀ ọ́n ju ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Kò burú, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kẹ́ ẹ wá ronú kan ọ̀gá tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń bẹ̀rù. Ta ló ń mú àbájáde padà wá bá a? "Ó dáa sà, ó ti ṣeé ṣe sà." Ìrírí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Ọdún ló ń gorí ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí Èkó, kẹ́ ẹ má baà sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin ọmọ Làìbéríà kan, Patrick Sawyer, ṣubú ní pápákọ̀ Murtala Muhammed. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà ọsibítù aládàáni First Consultants ní Obalende ni wọ́n gbé e lọ. Ibà ni òun fúnra rẹ̀ pè é. Nílẹ̀ yìí, ta ni kò ní gbà pé ibà ni? Bí ara bá ń gbóná, tí orí ń fọ́, a ti mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà dókítà ibẹ̀, Ameyo Stella Adadevoh, ti lé ní 20 ọdún nínú ọsibítù náà, kò sì tíì rí alárùn Ebola kan rí láyé rẹ̀. Kò sí dókítà kankan tó rí i ní Nàìjíríà, torí àrùn náà ò tíì dé ibí. Ibà ló ti rí, ọ̀kẹ́ àìmọye. Ohun tó sì jẹ́ kó dá Ebola mọ̀ nìyẹn: ó mọ ibà débi tó fi mọ̀ pé èyí ò ṣe bí ibà. Oògùn ibà ò ràn án. Ibi tí ọkùnrin náà ti wá, Ebola ń jà níbẹ̀. Dókítà bi í léèrè, Sawyer ní òun ò fara kan alárùn náà rí. Dókítà ò gbà, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀.

Ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú Làìbéríà pé kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ó ní ìpàdé ECOWAS ní Calabar. Dókítà Adadevoh kọ̀ jálẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni, Sawyer sì kú lọ́jọ́ 25 oṣù yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà ti kó o. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ni Dókítà Adadevoh kú.

Ẹ̀yin náà rántí ohun tó ń lọ níta nígbà náà. Òru ọ̀gànjọ́ ni fóònù ń dún kiri pé kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n fi omi gbígbóná pò mọ́ iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n mu nínú rẹ̀. Àwọn tó fi fóònù ránṣẹ́ náà pe ara wọn ní ẹni tó mọ̀ o! Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an wà níbòmíràn. Ìjọba ti ní ibùdó kan láti 2012 tó ń darí ìjà àrùn rọpárọsẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Dókítà Faisal Shuaib láti wá ṣe olórí ìjà Ebola, pẹ̀lú àwọn tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ilé tó ń bínú sọ̀rọ̀, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ sílẹ̀ tí kò ní sọnù. Rọpárọsẹ̀ kọ́ ni Ebola, wọn ò tilẹ̀ jọra. Síbẹ̀, wọ́n tọpa èèyàn 894 tó lè ti fara kàn án, wọ́n sì ṣe àbẹ̀wò tó tó 18,500 sí wọn. Àwọn tí àrùn náà ṣe ní Nàìjíríà, bá a bá ka Sawyer mọ́ wọn, jẹ́ 20, mẹ́jọ nínú wọn ló kú. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ní báyìí, kí ni ká ṣe pẹ̀lú àwọn àgbà tó wà nínú ilé iṣẹ́ wa? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, bí wọ́n bá pé 60 ọdún, tàbí tí wọ́n ti sìn fún 35, ó di dandan kí wọ́n lọ. A máa ń ṣe ayẹyẹ, a máa ń fún wọn ní fáànù tàbí fíríìjì, a ya fọ́tò. Ọjọ́ kejì, omi tú jáde lára páìpù ńlá, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tì í, bàbá tó mọ̀ ọ́n ti lọ sábúlé. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ má sọ ọ́ ni, pé ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà, káwọn ọmọ wọ̀nyí má baà gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo rò pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ṣe dáadáa ju ọ́fíìsì lọ lórí èyí. Télọ̀ tó gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, kò lè fi abẹ́ ewé pa mọ́ fún un títí; ọmọ náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, bó bá sì di ọjọ́ fríìdómù, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa wá wo ohun tó mọ̀. Bí ọmọ náà ò bá lè gé aṣọ, ojú ọ̀gá ló máa tì.

Nínú ìpàdé Mọ́ńdè ńkọ́? Èmi fara mọ́ ọn pé kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé yóò le. Bí ọ̀gá bá ti lanu sọ pé ohun báyìí ló ṣẹlẹ̀, gbogbo ìyókù á yí orí sí ìhà ibẹ̀, àní ẹni tó rí i tí epo ń tán. Ẹni tó kéré jù yẹn náà ò ní rí ohun tí ọ̀gá rí o, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun nìkan ló dé yàrá jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ yẹn.

Al Haynes fẹ̀yìntì ní 1991, nígbà tó pé 60 ọdún bí òfin iṣẹ́ wọn ṣe wí nígbà náà. Kò lọ jókòó sílé. Ó ń lọ káàkiri láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn panápaná sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní 2019. Ohun tó sì máa ń gbé síwájú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni orúkọ àwọn tó bá a ṣe é.

Ó ku ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sọ fún wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níléeṣẹ́ tiyín, fóònù wa ti ṣí sílẹ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kó pè. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù, ẹ máa gbọ́ ná.